Ọ̀wẹ̀ Orúnkún Bàbá Ìyàwó

Ìpè fóònù kan, ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ìlú Benin.

ÈṢÙBÍYÌ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣínà Èṣùbíyì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní yunifásítì aládàáni kan. Ó ń pè láti ilé rẹ̀ ní Ogida.

JÙMỌ̀KẸ́: físíò tó ń tọ́jú orúnkún rẹ̀, ní ilé ìtọ́jú kan lójú ọ̀nà Siluko.

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ káàsán, sà. Prof, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

ÈṢÙBÍYÌ: Jùmọ̀kẹ́, káàsán, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni? Iṣẹ́ ńkọ́?

JÙMỌ̀KẸ́: A dúpẹ́, sà. Mọ́mì ńkọ́?

ÈṢÙBÍYÌ: Bọ́lánlé wà ní Àkúrẹ́ láti àná. Ó lọ gbé aṣọ ìgbéyàwó Ẹniọlá, ọmọ wa obìnrin, lọ́dọ̀ aránṣọ.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ kú ìmúra o! Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

ÈṢÙBÍYÌ: Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mò ń kà á.

[Ariwo irin àti jẹnẹrétọ̀.]

ÈṢÙBÍYÌ: Kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ yẹn?

JÙMỌ̀KẸ́: Àwọn wẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ wa ni, sà. Ẹ má dá wọn lóhùn.

ÈṢÙBÍYÌ: Ó dára. Mo ní ìbéèrè kan. Ìbéèrè ìmọ̀ lásán ni o, kò kan ẹnikẹ́ni.

JÙMỌ̀KẸ́: Mò ń gbọ́, sà.

ÈṢÙBÍYÌ: Ká gbà pé ọkùnrin kan wà, àgbàlagbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síta bí ọrun—

JÙMỌ̀KẸ́: Bow leg.

ÈṢÙBÍYÌ: Bẹ́ẹ̀ ni. Ká sì tún gbà pé ọkùnrin yìí wà lórí ilẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Lórí ilẹ̀ báwo? Gbogbo wa kọ́ la wà lórí ilẹ̀ ni?

ÈṢÙBÍYÌ: Ilẹ̀ pálọ̀. Láàrin àga àti ògiri.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ̀n-ẹ́n?

ÈṢÙBÍYÌ: Ọ̀nà wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà dìde láìlo orúnkún rárá?

JÙMỌ̀KẸ́: Láìlo orún— Prof, níbo lẹ wà?

ÈṢÙBÍYÌ: Ibi tí mo wà kò sí nínú ìbéèrè náà.

JÙMỌ̀KẸ́: Prof!

ÈṢÙBÍYÌ: Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí—

JÙMỌ̀KẸ́: Mo gbọ́ yín ketekete. Ẹ wà nílẹ̀, àbí ẹ ò sí nílẹ̀?

ÈṢÙBÍYÌ: Fún ìgbà díẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Láti ìgbà wo?

ÈṢÙBÍYÌ: Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Aago kan ti lù, sà!

ÈṢÙBÍYÌ: N kò kàn jókòó lásán. Mò ń rò ó.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ ṣubú ni?

ÈṢÙBÍYÌ: N kò ṣubú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàrin kí ènìyàn ṣubú àti kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ìpadà sókè ni kò bá ètò mu.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ fetí sílẹ̀, sà. Ṣé orúnkún náà wú?

ÈṢÙBÍYÌ: Kò wú.

JÙMỌ̀KẸ́: Ṣé ẹ gbọ́ kí ó ró "kà" nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀?

ÈṢÙBÍYÌ: Ohùn tèmi nìkan ni mo gbọ́.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ ká a díẹ̀. Ẹ nà án. Ṣé ó ń ká, ṣé ó ń nà?

[Ìmí. Ìkérora.]

ÈṢÙBÍYÌ: Ó ń ká, ó ń nà, ó sì ń bú mi. Itan mi méjèèjì ń gbọ̀n.

JÙMỌ̀KẸ́: Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Iṣan ló rẹ̀, eegun kọ́. Kí lẹ ṣe?

ÈṢÙBÍYÌ: Eré ìdárayá tí o fún mi ni mo ṣe.

JÙMỌ̀KẸ́: Èwo nínú wọn?

ÈṢÙBÍYÌ: Gbogbo rẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Ti ọ̀sẹ̀ yìí?

ÈṢÙBÍYÌ: Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

JÙMỌ̀KẸ́: Lẹ́ẹ̀kan náà?

ÈṢÙBÍYÌ: Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Mo fẹ́ parí sílábọ́ọ̀sì náà. Nígbà tí mo dé orí àpótí tí o ní kí n máa tẹ̀ gòkè, tí mo ń tẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ni orúnkún òsì sọ fún mi pé òun kò ṣe mọ́.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ dúró ná, sà. Ó ń rú mi lójú. Kí ló tún dá yín padà sí ti ọ̀sẹ̀ kìíní? Ẹ ti ṣe ìyẹn kọjá. Fídíò tí mo ní kí ẹ máa fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi í ránṣẹ́?

[Àwọn wẹ́dà ń lu irin.]

JÙMỌ̀KẸ́: Ṣé ẹ gbọ́ mi, sà?

ÈṢÙBÍYÌ: N kò gbọ́ ọ.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ gbọ́ mi.

ÈṢÙBÍYÌ: Ó ń já, ó ń já—

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹsẹ̀ ta ló wà nínú fídíò yẹn, Prof?

ÈṢÙBÍYÌ: Ẹsẹ̀ ni, Jùmọ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn.

JÙMỌ̀KẸ́: Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti ewúrẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, mo ní kí ẹ dúró, kí ẹ fi ọrùn ẹsẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀. Mo ki ìkúùkù mi méjèèjì bọ àárín orúnkún yín, àyè tún ṣẹ́kù. Nínú fídíò ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bébà kan ṣoṣo kò lè gba ibẹ̀ kọjá!

ÈṢÙBÍYÌ: Kámẹ́rà a máa tan ojú jẹ.

JÙMỌ̀KẸ́: Kámẹ́rà kì í na eegun, sà.

ÈṢÙBÍYÌ: Ó lè jẹ́ pé eré ìdárayá náà ló nà án.

JÙMỌ̀KẸ́: Eré ìdárayá kì í na eegun àgbàlagbà. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún ló ń ru ẹrù jù, iṣan itan àti ti ìdí la fẹ́ kó lágbára láti bá a rù ú, kí ìrora lè dín kù. Ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

ÈṢÙBÍYÌ: Mo kọ ọ́. Mo fa ìlà sí i nídìí.

JÙMỌ̀KẸ́: Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, sòkòtò gbọọrọ ni ẹlẹ́sẹ̀ náà ń wọ̀, mi ò fura. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló wọ ṣọ́ọ̀tì.

ÈṢÙBÍYÌ: Ṣọ́ọ̀tì yẹn ni àṣìṣe wa.

JÙMỌ̀KẸ́: Àwa wo?

ÈṢÙBÍYÌ: Èmi àti Ṣùbòmí.

JÙMỌ̀KẸ́: Ṣùbòmí tó ń fẹ́ Ẹniọlá? Ọkọ ìyàwó?!

ÈṢÙBÍYÌ: Má pariwo. O ní àwọn aláìsàn lọ́dọ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ ní kí àna yín máa bá yín ṣe físíò?

ÈṢÙBÍYÌ: Jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ létòlétò kí o tó dájọ́. Ṣé o gbọ́ mi?

JÙMỌ̀KẸ́: Mò ń gbọ́.

ÈṢÙBÍYÌ: Èkíní: láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni ní í kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì: n kò ní oko. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni mò ń gbé ní Ogida, òdòdó méjì ló wà ní ẹnu ọ̀nà mi, Bọ́lánlé ló ni àwọn náà. Ẹ̀kẹta: ọmọkùnrin náà wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní, "Daddy, any work wey dey house, make I help." Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. N kò rí iṣẹ́ kankan nínú ilé ju orúnkún mi lọ. Nítorí náà—

JÙMỌ̀KẸ́: Nítorí náà ẹ sọ orúnkún di ebè.

ÈṢÙBÍYÌ: O kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣà wà fún un.

JÙMỌ̀KẸ́: Bí àna bá ro oko fún yín, iṣu oko yẹn, ta ló ń jẹ ẹ́?

ÈṢÙBÍYÌ: Èmi.

JÙMỌ̀KẸ́: Bí ó bá bá yín na orúnkún, orúnkún ta ló ń sàn?

ÈṢÙBÍYÌ: Ti Ṣùbòmí.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ̀n-ẹ́n!

ÈṢÙBÍYÌ: Ó ní òun ń fò gun àtẹ̀gùn báǹkì wọn báyìí. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ bá mi sọ fún un pé kò tọ́pẹ́. Prof, ẹ jọ̀ọ́, ta ni alága ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ẹlòmíràn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò?

ÈṢÙBÍYÌ: Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí.

JÙMỌ̀KẸ́: Ta ni, sà?

ÈṢÙBÍYÌ: Èmi ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò jẹ́—

JÙMỌ̀KẸ́: Bí wọ́n bá ní àṣà wà fún un ńkọ́?

ÈṢÙBÍYÌ: Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. A kì í gbà á.

JÙMỌ̀KẸ́: Orúnkún náà kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù. Fídíò yẹn ni mo fi ń wọn agbára yín. Mo rí itan tó le, mo ní, "Ah, Prof ń gbìyànjú o." Mo gba rọ́bà pupa tí ẹ fi ń ṣe eré ìdárayá lọ́wọ́ yín, mo fún yín ní dúdú tó le. Mo gbé yín gun orí àpótí. Ẹsẹ̀ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mò ń tọ́jú látọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ yín wá lọ gbé e rù láàárọ̀ yìí.

ÈṢÙBÍYÌ: Èyí bọ́gbọ́n mu. N kò rò ó dé ibẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Láti aago mẹ́wàá ààbọ̀?

ÈṢÙBÍYÌ: Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Jùmọ̀kẹ́. Mo dàgbà ju bàbá rẹ lọ.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ má bínú, sà. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fúnra yín fi ṣe é lónìí?

ÈṢÙBÍYÌ: Ìwọ lo fà á. O ní nínú fídíò ti ọ̀sẹ̀ yìí, kí ojú mi hàn.

JÙMỌ̀KẸ́: Mo ti fura ni.

ÈṢÙBÍYÌ: Èmi rò pé o fẹ́ lẹ̀ mí mọ́ pátákó ìpolówó. Mo tiẹ̀ gé irùngbọ̀n.

[Ẹ̀rín. Jùmọ̀kẹ́ ń gbìyànjú láti pa á mọ́ra.]

ÈṢÙBÍYÌ: Rẹ́rìn-ín o. Ṣé o gbọ́ mi?

JÙMỌ̀KẸ́: Mo gbọ́, sà. Mo wà níbí.

ÈṢÙBÍYÌ: Akíntúndé ti rán kóòtù.

JÙMỌ̀KẸ́: Ta ni Akíntúndé?

ÈṢÙBÍYÌ: Àbúrò mi ní Adó-Èkìtì. Ẹsẹ̀ ìyá wa ló jogún, ẹsẹ̀ tirẹ̀ gún. Ó pè mí lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó ní bí ẹsẹ̀ mi kò bá ní gbé mi, òun yóò bá mi fa Ẹniọlá lọ́wọ́ dé pẹpẹ. Ó ní òun ti ń dá a rìn ní kọ́ríd— ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, kí òun má baà yára jù.

JÙMỌ̀KẸ́: Kí lẹ dá a lóhùn?

ÈṢÙBÍYÌ: Mo ní kò sí ẹni tó lè ṣojú bàbá níbi tí bàbá ti—

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ parí rẹ̀, sà.

ÈṢÙBÍYÌ: Mo ti gbọ́ ohun tí mo sọ.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹni tó wá aṣojú fún orúnkún rẹ̀—

ÈṢÙBÍYÌ: —ni wọ́n ń bá wá aṣojú fún ọmọ rẹ̀. Ó tọ́. Kò sí ibi tí mo lè gbà já a.

JÙMỌ̀KẸ́: Kí ló ṣe yín gan-an, Prof? Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ.

ÈṢÙBÍYÌ: Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ. O ní kí n jókòó, kí n dìde láìfọwọ́ ti àga, nígbà mẹ́wàá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dùn mí. Mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí arúgbó. Ojú tì mí. Ọjọ́ kẹta ni ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú orúnkún rẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Kí ẹ sì sọ fún mi pé ó dùn yín.

ÈṢÙBÍYÌ: Nígbà tí Ẹniọlá wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àárín ẹsẹ̀ mi ló máa ń gbà kọjá. Géètì ló ń pè é. Á kan orúnkún mi, kò-kò-kò, á ní, "Daddy, open." Ní oṣù tó kọjá, ó ní gbogbo ohun tí òun fẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun kò ju pé kí géètì náà mú òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ló wà ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Jùmọ̀kẹ́. Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì tó?

[Àwọn wẹ́dà ti dákẹ́.]

JÙMỌ̀KẸ́: Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò tó kí orúnkún sàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi tọrẹ yẹn ni ì bá tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, yóò gbé yín gun àtẹ̀gùn mọ́kànlá. Ẹniọlá ní ọwọ́ ọ̀tún.

ÈṢÙBÍYÌ: Kí ni yóò wà ní ọwọ́ òsì?

JÙMỌ̀KẸ́: Ọ̀pá.

ÈṢÙBÍYÌ: N kò ní mú ọ̀pá! Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé—

JÙMỌ̀KẸ́: Ọ̀pá tàbí Akíntúndé, sà.

ÈṢÙBÍYÌ: Ọ̀pá dúdú ni àbí ti pákó?

JÙMỌ̀KẸ́: Èyí tó bá bá kóòtù yín lọ. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dìde ná. Ṣé bátìrì yín ṣì wà?

ÈṢÙBÍYÌ: Four percent. Ṣájà wà lórí tábìlì. Èmi wà nílẹ̀.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan—

[Ìró ilẹ̀kùn. Ohùn ọkùnrin láti ẹnu ọ̀nà.]

ÈṢÙBÍYÌ: Ye! Ó ti dé. Jùmọ̀kẹ́, Ṣùbòmí ti dé. Kí ni kí n ṣe? Kò gbọdọ̀ bá mi báyìí.

JÙMỌ̀KẸ́: Níbo lẹ fẹ́ sá lọ, sà?

ṢÙBÒMÍ: Daddy, good afternoon, sir. Ẹniọlá ní kí n gbé oúnjẹ— Ah! Daddy! Wetin happen?

ÈṢÙBÍYÌ: Mò ń sinmi.

ṢÙBÒMÍ: For ground?

JÙMỌ̀KẸ́: Prof, ẹ gbé mi sí speaker. Ṣùbòmí! Ṣé o gbọ́ mi?

ṢÙBÒMÍ: Ẹ̀n? Aunty Físíò? Good afternoon, ma. Abeg, I fit explain that video.

JÙMỌ̀KẸ́: Má ṣàlàyé. Má sì fà á lápá! Gbé àga onígi wá, èyí tí kò ní táyà, fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí o wá fi ìrọ̀rí kan sílẹ̀ fún orúnkún.

[Ìró àga lórí ilẹ̀.]

ṢÙBÒMÍ: Done. Make I carry am? Daddy no heavy.

ÈṢÙBÍYÌ: Má dán an wò.

JÙMỌ̀KẸ́: Prof, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ lórí ìrọ̀rí, orúnkún tó sàn jù ni kí ó kan ìrọ̀rí. Ẹ rá bàbà dé ìdí àga.

[Ìkérora. Aṣọ ń wọ́ nílẹ̀.]

ÈṢÙBÍYÌ: Mo ti dé ìdí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń rá bàbà níwájú àna rẹ̀. Kí ayé má rí i.

ṢÙBÒMÍ: I no see anything, sir. I face wall.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ di àga mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kejì síwájú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ mí sínú. Ẹ fi apá àti itan tì í pọ̀. Ẹ dìde, ẹ yí, ẹ jókòó!

[Ìkérora ńlá. Àga dún. Ìmí.]

JÙMỌ̀KẸ́: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Prof? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÈṢÙBÍYÌ: Mo ti jókòó.

ṢÙBÒMÍ: Daddy don siddon! Thank you, Jesus.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan. Títí di ọ̀la, a ò ní ṣe ju ẹyọ kan péré lọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ kìíní. Lórí àga yẹn, ẹ rọra na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú títí orúnkún yóò fi nà tán dé ibi tó lè nà dé, ẹ fún iṣan itan pọ̀, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

[Ìró àga kejì.]

ÈṢÙBÍYÌ: Ṣùbòmí, kí lò ń ṣe?

ṢÙBÒMÍ: I don raise am, sir. Na right leg, abi?

ÈṢÙBÍYÌ: Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

ṢÙBÒMÍ: But today na Saturday, sir, na our video day.

ÈṢÙBÍYÌ: Mo ní kí o sọ ẹsẹ̀ rẹ kalẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀wẹ̀ ti parí. O ti ro oko náà dáadáa, mo dúpẹ́. Èyí tó kù, èmi ni mo ni ín.

ṢÙBÒMÍ: Okay, sir. Make I video you, make Aunty see am?

ÈṢÙBÍYÌ: Fi fóònù sílẹ̀. Jùmọ̀kẹ́, mo ti gbé e sókè.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ ka á jáde kí n gbọ́.

ÈṢÙBÍYÌ: Ení. Èjì. Ẹ̀ta-ẹ̀rin-àrún—

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ má sáré kà á!

ÈṢÙBÍYÌ: Ẹ̀rin... Ó ń gbọ̀n.

JÙMỌ̀KẸ́: Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n. Iṣẹ́ ló ń ṣe.

ÈṢÙBÍYÌ: Àrún... Ẹ̀fà... Ó ń ta mí, ó ń— Èje...

ṢÙBÒMÍ: Daddy, e remain small.

ÈṢÙBÍYÌ: Ẹ̀jọ... Ẹ̀sán...

[Fóònù ń han: bátìrì ti fẹ́ tán.]

ÈṢÙBÍYÌ: Ẹ̀wá! Jùmọ̀kẹ́, ẹ̀wá nìyẹn o! Èmi ni mo kà á. Kò sí fídíò, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni, ẹsẹ̀ mi ni, ó tẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Jùmọ̀kẹ́? Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]